Mo Ti Ọmọ Mi Sógun Kí N Má Baà Kúrò Lágbo Ìjàkadì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má retí kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, Oyèbọ̀dé lorúkọ mi, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń ṣe. Mo sì ja ìjàkadì fún ọdún méjìlélógún. Ọdún tó gbẹ̀yìn nínú wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó yẹ kí n ti kúrò lágbo kí ọdún náà tó dé.

Mo kọ́ ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí irun mi ti funfun, nítorí náà ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní àdúgbò wa, bàbá àti àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin kì í jọ wà lágbo. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wọ agbo, bàbá ni yóò fà á lọ́wọ́ wọlé lójú gbogbo èèyàn. Yóò tú ọ̀já ìdí tirẹ̀, yóò sì dì í mọ́ ọmọ nídìí. Láti ọjọ́ náà, bàbá ti di òǹwòran. Agbára ìbáà kún apá rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni lágbo mọ́. Bí bàbá bá sì wà láàyè, kò sí ẹlòmíràn tó lè fi ọmọ náà wọlé. Ọmọ á dúró títí bàbá yóò fi ṣe tán.

Ilésanmí, àkọ́bí mi, ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Èmi ti lé ní ogójì, mo sì lé e dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti fi agbo sílẹ̀ tipẹ́, wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń fẹnu jà. Èmi nìkan ló kù.

Ìyàwó mi, Ìbíyínká, kì í fọ̀rọ̀ bò fún mi.

"Bàbá Ilésanmí, koríko ti bo ebè tán. Ẹ wá ká jọ ro oko, kí ẹ fi eré yẹn sílẹ̀."

"Eré kọ́. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ tí kì í ta iṣu."

Òótọ́ ló sọ. Láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń gbé ọkọ́, apẹ̀rẹ̀ yanrìn ni èmi máa ń gbé rù. N ó sáré gun òkè, n ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà n ó lọ sí ibi tí yanrìn wà létí odò, n ó gbá ìtì ọ̀pẹ mọ́ra, n ó máa gbé e, n ó máa jù ú sílẹ̀. Ìgbà tí mo bá fi máa dé oko, oòrùn ti mú, Ìbíyínká sì ti ro oko dé ìlàjì tòun tọmọ ọwọ́ lẹ́yìn.

Bó bá di ìrọ̀lẹ́, orúnkún mi a wú. Òun náà ni yóò tún fi àdín àti aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi. "Ara ń bá yín sọ̀rọ̀," ló máa ń wí. "Ẹ̀yin ni ẹ ò dá a lóhùn."

Yínúsà, ẹni tí mo máa ń bá jà ní Ìkàrẹ́ láti ìgbà èwe wa, gbọ́n jù mí lọ. Àwọn náà ní irú àṣà yìí, ó sì ti fi agbo sílẹ̀ fún Láwàl ọmọ rẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní Ìkàrẹ́, ó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó ti sanra, ara rẹ̀ ń dán.

"Oyèbọ̀dé, ìwọ ṣì ń jà?"

"Kí ni ò ní jẹ́ kí n jà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí mo di ọ̀já mọ́ Láwàl nídìí, mo délé, mo sunkún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo jẹun yó. Lọ sílé, kí ìwọ náà lọ jẹun."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nínú mi, mo ní ọ̀lẹ ni.

Ilésanmí ni mo fi ń gbára dì. Àràárọ̀ la jọ ń wọ̀yá ìjà lórí yanrìn, èmi ni mo sì máa ń dá a, nítorí gbogbo ohun tó mọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo di ìbàdí rẹ̀ mú bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó yí ara, ó fi itan gbé mi. Kí n tó mọ̀, ojú ọ̀run ni mò ń wò. Ẹ̀yìn mi ti kan ilẹ̀ pátápátá.

Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ọmọ náà gan-an ni ẹ̀rù bà.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ló yọ̀," ló wí. Ó na ọwọ́ sí mi kí n dìde.

Ẹsẹ̀ mi kò yọ̀. Àwa méjèèjì mọ̀. Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín, bóyá ǹ bá gbá a létí, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Àánú mi tó ṣe é ni kò jẹ́ kí n lè gbé oúnjẹ mì lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi wá léèrè ohun tí yanrìn ń ṣe lẹ́yìn mi, kíá ló ti dáhùn pé mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sinmi ni.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn àgbà àdúgbò fi ránṣẹ́ pè mí.

"Ọdún iṣu tuntun ń bọ̀," wọ́n wí. "Láwàl ni Ìkàrẹ́ máa gbé jáde. Ọmọ tìẹ ńkọ́?"

"Kò tíì gbó."

Ọ̀kan nínú wọn wò mí títí. "Ṣé ọmọ ni kò tíì gbó, àbí bàbá ni kò fẹ́ gbó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ṣeré nínú wọn. Wọ́n ní tí ọdún bá pé, àwọn fẹ́ rí Ilésanmí lágbo, ọ̀rọ̀ parí.

Àsìkò náà gan-an ni àwọn òyìnbó ń bá òyìnbó ẹgbẹ́ wọn jagun ní ìhà Kamẹrúùnù, wọ́n sì ń wá aláàárù tí yóò máa ru ẹrù ogun. Akódà kan tó ń jẹ́ Suleiman wá sí Ọ̀kà. Ó ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin kan tó lágbára wá. Olórí ilé ni yóò yan ẹni tó bá wù ú.

Èmi ni olórí ilé tiwa. Mo sì ní ẹni tó fẹ́ lọ: Zachariah, ọmọ àbúrò mi tó ti kú. Láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé ló ti ń bẹ̀ mí. "Bàbá, ẹ jẹ́ n lọ. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀nà yìí gbà lọ." Apá rẹ̀ le, kò ní ìyàwó, ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti gbà fún un, mo sì ti sọ orúkọ rẹ̀ fún Suleiman.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí n lọ fìdí orúkọ Zachariah múlẹ̀ lọ́dọ̀ Suleiman, mo wà lójú ọ̀nà nígbà tí èrò kan wá sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò wá bí èrò burúkú. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń ro bí òjò yóò ṣe rọ̀. Aláàárù kì í ju oṣù mélòó kan lọ, wọ́n ní. Bí Ilésanmí bá lọ, ọdún iṣu tuntun yóò kọjá kó tó dé. N ó jà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá ti dé, n ó di ọ̀já mọ́ ọn nídìí tayọ̀tayọ̀. Kí ni oṣù mélòó kan lára ọmọ ogún ọdún?

Mo dé ọ̀dọ̀ Suleiman, mo bi í pé, "Àwọn tí ẹ ń kó lọ yìí, ṣé wọ́n ń padà wá?"

"Wọ́n ń padà."

Kò sọ pé gbogbo wọn ni. Èmi náà kò bi í.

"Yọ Zachariah kúrò," mo wí. "Ilésanmí ni kí o kọ."

"Ọmọ bíbí inú rẹ?"

"Òun náà."

Ó wò mí, ó gbé èjìká, ó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe délé kí n ní èmi ni mo fa ọmọ mi kalẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ láti lọ wà nílẹ̀? Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo káwọ́ lérí. Ìbíyínká sáré jáde.

"Kí ló dé?"

"Èmi ni wọ́n pè," mo wí. "Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ Zachariah. Òyìnbó ti gbọ́ pé ajìjàkadì wà nílé yìí, òun ni wọ́n fẹ́ kó wá ru ẹrù."

Ariwo tó pa mú kí Ilésanmí jáde. Ó gbọ́ ọ, ó wo orúnkún mi.

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn? Bàbá, ẹ ò lè dé Lọ́kọ́ja. Ẹ jókòó. Èmi náà ń ja ìjàkadì. Èmi ni n ó lọ."

Mo mọ̀ pé yóò sọ bẹ́ẹ̀. Orí ìyẹn ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lé. Mo tilẹ̀ kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì kó lè dára lójú. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo dákẹ́.

Ìbíyínká kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò jẹ́ kí wọ́n mú ọkọ òun lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò wọ́n.

Àwa méjèèjì la sìn ín dé Ìkàrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn aláàárù jọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. "Bàbá, ẹ rọra lo orúnkún yẹn," ló wí. "Tí mo bá dé, ẹ ó mú mi wọ agbo." Ó fọwọ́ pa ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ní, "Yèyé, ó tó." Wọ́n gbé ẹrù lé e lórí, ó sì bá wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ibi yanrìn. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́, mo gbé ìtì ọ̀pẹ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ń sáré gun òkè, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́yìn mi lórí àpáta, bí Ilésanmí ṣe máa ń tẹ̀ lé mi tí kì í fẹ́ kọjá mi nítorí ọ̀wọ̀. Bí mo bá dúró, ó dúró. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ní bí mo bá ja ìjà yìí tán, yóò lọ. Mo sì ń gbé yanrìn tó pọ̀ sí i.

Nílùú, wọ́n ń yìn mí. Wọ́n ní ẹ wo bàbá tó ń di ipò ọmọ mú dè é. Àwọn àgbà tó bú mi níjelòó gbé ẹmu ránṣẹ́ sí mi. Ìbíyínká fúnra rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ koríko mọ́. "Ẹ jà fún un," ló ń wí, ó sì ń tẹ orúnkún mi pẹ̀lú sùúrù tí n kò rí rí lọ́wọ́ rẹ̀. Zachariah nìkan ló ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. "Ẹ ti gbà fún mi, Bàbá," ló sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Mo ní àṣẹ òyìnbó ni.

Ọjọ́ pé. Ìkàrẹ́ la ti jà lọ́dún náà. Èrò Ọ̀kà kún ọ̀nà, àwọn ará Ṣúpárè àti Arígidi náà wá wòran. Yínúsà jókòó níwájú, ó dìde wá bá mi.

"Ọmọ rẹ ni Láwàl ń retí," ló wí. "Kí Ọlọ́run dá a padà fún ọ."

"Àmín," mo wí.

Láwàl ga, kò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Ó bẹ̀rù ọjọ́ orí mi, mo rí i. A di ara wa mú lẹ́ẹ̀kìíní, ó bọ́. A di mú lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún mi dún, ojú mi ṣókùnkùn díẹ̀. Nígbà tí a di mú lẹ́ẹ̀kẹta, mo yí ara, mo fi itan gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọgbọ́n tí Ilésanmí fi dá mi létí odò ni mo lò.

Ọ̀kà pariwo. Wọ́n gbé mi sórí èjìká, wọ́n ń fi mí yí agbo po. Ìbíyínká wà nísàlẹ̀, ó gbé igbá omi lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀.

Suleiman akódà wà láàárín èrò. Inú rẹ̀ dùn, ó ti mu ẹmu díẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi wá, ó ń nàka sí mi lókè.

"Bàbá, àṣé agbo ni! Nígbà tó o ní kí n yọ orúkọ kan kí n kọ òmíràn, mo rò pé ọmọ náà ṣẹ̀ ọ́ ni. Àṣé agbo lo fẹ́ ráyè sí!"

Ìbíyínká yíjú sí i. "Orúkọ wo?"

"O ò mọ̀? Orúkọ Zachariah ló kọ́kọ́ fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló tún wá sọ pé Ilésanmí ni kí n mú."

"Wọn ò pe bàbá rẹ̀?"

"Bàbá rẹ̀ kẹ̀?" Suleiman rẹ́rìn-ín. "Ta ní máa pe àgbàlagbà kó wá ru ẹrù ogun?"

Orí èjìká àwọn èèyàn ni mo wà. Wọ́n ń kọrin, wọn ò gbọ́, ṣùgbọ́n èmi gbọ́. Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, wọ́n rò pé ìtìjú ayọ̀ ni, wọ́n tún gbé mi ga sí i. Láti òkè níbẹ̀ ni mo ti ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń yí padà. Ó bojú wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó da omi inú igbá náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gba inú èrò jáde, ó kọrí sí ọ̀nà Ọ̀kà.

Mo bẹ́ sílẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé e. Orúnkún mi ti bàjẹ́. Gbogbo ọ̀nà láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò níwájú, n kò sì lè bá a. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọmọ ogún ọdún.

Nígbà tí mo délé, ó ń gún iyán.

"Ìbíyínká, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ mi," ló wí. "O wà níbẹ̀. O ń wò mí."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi. Láti ọjọ́ náà kò pè mí ní Bàbá Ilésanmí mọ́. Kò pè mí ní nǹkan kan. Zachariah kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé mi kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì.

Èmi náà kò jà mọ́. Mò ń retí. Mo ní bó bá ti dé, n ó dọ̀bálẹ̀ fún un, n ó jẹ́wọ́, yóò ṣe ohun tó bá fẹ́ fi mí ṣe.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni àwọn aláàárù bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ọmọ Ìkàrẹ́ kan tó ń jẹ́ Badmus ló wọlé tọ̀ wá wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti wọnú. Nígbà tó béèrè ilé Ilésanmí, Ìbíyínká ti mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀.

"Ìgbẹ́ ọ̀rìn ni," Badmus wí. "Létí odò kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ jìn dáadáa, Yèyé."

Ó ń bá a lọ, bí ẹni tó ti há ọ̀rọ̀ náà sórí lójú ọ̀nà.

"Lọ́hùn-ún, gbogbo wa la máa ń ṣépè fún àwọn tó fà wá kalẹ̀. Bàbá tèmi náà gba tirẹ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n Ilésanmí kò ṣépè rí. Á ní, 'Bàbá mi ìbá wá fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n pè. Èmi ni mo dá a dúró.' Ó fi ń yangàn. A ń jowú rẹ̀ torí bàbá náà. Mo ní bí mo bá padà láàyè, n ó wá wo bàbá bẹ́ẹ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, gbalaja, nínú erùpẹ̀.

Mo wo Ìbíyínká. Mo mọ̀ pé yóò sọ ọ́. Ó ní ẹ̀tọ́. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó sọ ọ́, kí ọkùnrin náà lè dìde kúrò níwájú mi.

Ìbíyínká nu ojú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ló wí. "Bàbá rẹ̀ ìbá lọ."

Ó fún Badmus lóúnjẹ, ó sìn ín dé ojú ọ̀nà, ó padà wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dá ọ̀rọ̀ sọ sí mi láti ọjọ́ ìjà.

"Má rò pé nítorí tìẹ ni. Ohun tí ọmọ mi gbà gbọ́ nìyẹn, orí rẹ̀ ló sì kú sí. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ máa sọ ní Ìkàrẹ́ pé wọ́n tàn án lọ ni."

Ó lo ọdún mẹ́tàdínlógún sí i nílé mi. Ó ń sè fún mi, ó ń bá mi ro oko. Bí mo bá kọjá ní Ìkàrẹ́, àwọn tó bá Badmus sọ̀rọ̀ a máa kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á ní bàbá rere ni mí. Mo ń dáhùn. Kí ni kí n sọ? Lórí òkè, nínú oko, níbi tí mo bá ti ń rìn, ẹsẹ̀ náà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn mi, kò sì tíì kọjá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí Ìbíyínká dùbúlẹ̀ àìsàn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí kó tó lọ.

"Kì í ṣe èmi ni irọ́ rẹ pa," ló wí. "Lọ bẹ Ilésanmí."

Ọjọ́ kejì ló kú. Kò sí ẹni tó lè ní kí n dákẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí sí yín.

Ẹ̀yin bàbá tí ara ṣì ń ta, mi ò ní kí ẹ má ṣeré ìdárayá. Ẹ máa sáré, ẹ máa gbé yanrìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá dá yín, ẹ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó fà yín dìde. Kò sí ohun tó ṣe. Oúnjẹ wà nílé.

Ní tèmi, ara ti sọ fún mi pé kò ní pẹ́ mọ́ tí n ó fi lọ bẹ Ilésanmí. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe pé yóò kọ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Yóò ti dárí jì mí kí n tó la ẹnu, n kò sì ní rí àyè sọ fún un ohun tí mo ṣe.